Iṣẹ́ Kan Náà, Owó Ọ̀tọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ìsọlọ̀, ẹ mọ ohun tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun túmọ̀ sí níbẹ̀: ọjọ́ ọjà Aswani. Gbogbo ọ̀nà ló máa ń dí, nítorí náà ilé ni mo jókòó sí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá mi ní Ẹ́sítéètì Jákàńdè. Èmi àti ọmọkùnrin kan tá a jọ wà ní tíìmù kan náà wà lórí fídíò, à ń wá ibi tí kóòdù kan ti ń ṣe àṣìṣe. Ó fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn mí kí n lè máa rí ohun tó ń tẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí álẹ́ẹ̀tì báńkì fi yọ lójijì. Owó oṣù ti wọlé. Ó yára pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i: ẹgbẹ̀rún lọ́nà 720 náírà.

Tèmi náà wọlé lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 480.

Oṣù kan náà la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ ipò kan náà ló wà lára ìwé tí wọ́n fi gbà wá. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé òun ló kọ́ mi. Tí ọ̀gá wa bá fẹ́ pín iṣẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn nínú wa ló máa ń gbé e fún. Mo jókòó, mo ń wo nọ́ńbà méjì yẹn bí ẹni tó ń wo kóòdù tó yẹ kó ṣiṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ bínú sí, ọmọkùnrin yẹn ni. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi dá a lóhùn àfi lórí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá yí ìbínú náà padà sí ara mi. Mo ní bóyá mi ò já fáfá tó. Mo ní bóyá ẹnu mi ni kò dùn lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo tún rántí pé nígbà tí wọ́n béèrè iye tí mo fẹ́, ohun tí mò ń gbà níbi iṣẹ́ àtijọ́ ni mo sọ, mo fi díẹ̀ lé e, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má sọ pé ó pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kẹrin, iná lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó síta lọ́dọ̀ bàbá kan ní blọ́ọ̀kù wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Réluwé ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, bàbá tiwọn náà sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú wọn. Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ní àṣírí ni? Owó oṣù ni àṣírí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tiẹ̀ wà nínú ìwé tá a fọwọ́ sí pé a ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ara wa."

Bàbá mi orí. "Ní ayé tiwa, inú ìwé ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo mọ iye tí ọ̀gá mi ń gbà, ó mọ iye tí mò ń gbà. Kódà, bàbá mi mọ iye tí òyìnbó ń gbà. Kí lo rò pé ó fa ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945?"

Ìbéèrè yẹn ló lé mi dé ìdí ìtàn. Mo mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì kan wáyé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bí ẹni mọ orúkọ òpópónà tí kò débẹ̀ rí ni. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó yí bí mo ṣe ń wo nọ́ńbà méjì yẹn padà.

Òótọ́ lọ̀rọ̀ bàbá. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ọdọọdún ni ìjọba Nàìjíríà ń tẹ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Blue Book. Ipò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti iye owó tó wà fún ipò wọ̀nyí wà nínú rẹ̀. Ìwé ìṣúná ọdọọdún náà wà. Akọ̀wé tó bá mọ ìwé kà lè fojú ara rẹ̀ rí i pé tábìlì tí òun jókòó sí àti èyí tí òyìnbó jókòó sí kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n pé owó méjèèjì jìnnà síra bí ilẹ̀ sí ọ̀run.

Àwọn dókítà wa ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dùn jù. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Èkó ti ní àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Bírítéènì, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn òyìnbó, tí wọ́n ṣe ìdánwò kan náà, tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí kan náà. Dókítà Ògúntọ́lá Sápará wà lára wọn. Òun ló wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olóòṣà Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí àìsàn náà ṣe ń tàn kálẹ̀. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa rò pé ìjọba á gbé e gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1902, ìjọba Bírítéènì kó gbogbo dókítà ìjọba ní àwọn ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan, West African Medical Staff. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Àwọn dókítà adúláwọ̀ bọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀, ipò tiwọn rẹlẹ̀, owó tiwọn sì kéré. Ibà kan náà ni wọ́n ń wò.

Nígbà tó di ọdún 1912, àwọn adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ. "Kábíyèsí, a fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀," irú èdè bẹ́ẹ̀. Èmi ò bú wọn. Àwa tá à ń kọ ímeèlì sí HR lónìí, ṣé èdè tiwa yàtọ̀ ni?

Ohun tó yí nǹkan padà ni réluwé, pàápàá Loco ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojúurin ṣe. Lọ́dún 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, àwọn aláṣẹ réluwé bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní wákàtí-wákàtí. Tí iṣẹ́ kò bá sí, owó kò sí. Nínú ìjà yẹn ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ réluwé ti bẹ̀rẹ̀, nínú rẹ̀ náà sì ni Michael Imoudu ti dìde. Ọmọ ìlú Sabongida-Ora ni. Ọdún 1929 ló wọ iṣẹ́ réluwé. Kò lọ sí yunifásítì kankan, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a gbọ́.

Ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1939. Ọjà gbówó lórí. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: owó oṣù dúró sójú kan, gàrí ń sáré. Ní September 1941, Imoudu kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ jáde láti Èbúté Mẹ́ta, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé Gómìnà Bourdillon ní Marina. Gómìnà gbọ́ ẹjọ́ wọn. Lọ́dún 1942, ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àjẹmọ́nú tí wọ́n ń pè ní COLA, ìyẹn owó tó máa bá wọn dín ìnira ọ̀wọ́n gógó kù. Ṣùgbọ́n ní January 1943, ìjọba kan náà gbé Imoudu tì mọ́lé lábẹ́ òfin ogun, wọ́n sì lé e kúrò ní Èkó lọ sí Auchi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bá tèmi mu nìyí. Nígbà ogun, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ òyìnbó ni kò sí lọ́dọ̀ ìyàwó àtọmọ wọn, nítorí pé ojú òkun léwu. Ìjọba wá ń fún wọn ní àjẹmọ́nú nítorí ìdílé tó jìnnà sí wọn yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ rí i. Kò sẹ́ni tó tú àṣírí fún wọn, kò sì sí álẹ́ẹ̀tì tó ṣèèṣì yọ. Wọ́n wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé àwa ò ní ìyàwó ni? Ṣé àwọn ọmọ tiwa kì í jẹun?

Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Wọn ò sọ pé kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ òyìnbó. Ohun tí wọ́n ní ni pé, tí ẹ bá gbà pé èèyàn nílò owó láti tọ́jú ìdílé rẹ̀, èèyàn ni àwa náà.

Wọ́n dá Imoudu sílẹ̀ ní May 1945. Nígbà tó wọ Èkó ní ọjọ́ 2 oṣù June, èrò tó jáde pàdé rẹ̀ kò kéré. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń béèrè kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún COLA, kí owó òòjọ́ tó kéré jù sì jẹ́ ṣílè méjì ààbọ̀. Ìjọba Gómìnà Arthur Richards ní kò sí owó. Lọ́jọ́ 22 June 1945, iṣẹ́ dúró. Réluwé, ilé ìfìwéránṣẹ́, tẹlifóònù, èbúté, ẹ̀ka iṣẹ́ òde: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17, àwọn èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30. Ìjọba ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa ní July, nítorí pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dá owó ni wọ́n ń ta oúnjẹ ní àwìn. Láìsí àwọn ìyá yẹn, mi ò rò pé ìyanṣẹ́lódì náà á pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ 44 ni wọ́n lò. Bàbá blọ́ọ̀kù wa kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n rántí pé gàrí ni wọ́n ń jẹ lówùúrọ̀, tí wọ́n tún ń jẹ lálẹ́, àti pé bàbá wọn wà nílé ní ọ̀sán gangan, ohun tí wọn ò rí rí. Wọ́n ní inú àwọn ọmọdé dùn. Ìyá wọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà jókòó, ó gbọ́ ẹjọ́, ó sì ní kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún COLA bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe béèrè. Ìjọba tó ní kò sí owó rí owó.

Ká ní ìtàn parí síbẹ̀ ni, ìtàn aládùn ni à bá pè é. Kò parí síbẹ̀. Lọ́dún 1946, ìgbìmọ̀ míì tún jókòó lábẹ́ Sir Walter Harragin, láti yẹ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò. Harragin pín iṣẹ́ ìjọba sí ipò òkè àti ipò ìsàlẹ̀. Ó gbà pé ní ipò òkè, kí owó oṣù gangan jẹ́ ọ̀kan náà fún dúdú àti funfun. Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n ó tún fi nǹkan kan lé e: kí wọ́n máa fún òyìnbó ní owó àtìpó, torí pé ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. Lórí ìwé, owó ti dọ́gba. Ní àpò, kò dọ́gba. Mi ò ní sọ pé àlàyé wọn kò ní ìtumọ̀ rárá, nítorí ẹni tó bá ní ilé méjì láti gbọ́ bùkátà rẹ̀ máa ń náwó. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n gbé lọ sí Kánò náà fi ilé sílẹ̀. Òun náà kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Owó àtìpó kò kan tiẹ̀.

Lọ́dún 1948, ìgbìmọ̀ Hugh Foot ní kí ìjọba má gba àjèjì sí ipò òkè mọ́ níbi tí ọmọ Nàìjíríà tó kúnjú òṣùwọ̀n bá wà. Báyìí ni àwọn tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà náà. Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1960, adúláwọ̀ ló wá ń jókòó lórí àga òyìnbó. Owó tó wà nídìí àga náà kò yí padà púpọ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ sì wà níbi tó wà.

Ìdí nìyẹn tí ìyanṣẹ́lódì ńlá kejì fi wáyé ní June 1964, nígbà tí kò sí òyìnbó kankan tá a lè nàka sí. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adéyinká Morgan ti ní kí owó oṣù tó kéré jù ní Èkó jẹ́ pọ́ùn 12. Ìjọba ní pọ́ùn 9 àti ṣílè díẹ̀ lòun máa san. Ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ fi jókòó sílé jákèjádò orílẹ̀-èdè ló mú wọn parí rẹ̀ sí pọ́ùn 10.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Olóyè Simeon Adébọ̀ ni ìjọba ológun pè láti tún owó oṣù yẹ̀ wò lọ́dún 1970. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa Adébọ̀, nítorí mo fẹ́ràn ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Akọ̀wé réluwé ni kó tó wọ ipò àwọn aláṣẹ nígbà tí ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ó ti jókòó sí ìsàlẹ̀ tábìlì, ó sì ti jókòó sí òkè rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ àbọ̀ ìwádìí wọn, wọ́n sọ pé ìyà tó ń jẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kọjá ohun tó ṣeé fara dà, àti pé ohun tó tún mú un burú sí i ni pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ń fojú rí bí àwọn díẹ̀ ṣe ń náwó bí ẹlẹ́dàá, owó tí kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀. Ẹ ò rí i? Adébọ̀ mọ̀ pé ebi nìkan kọ́ ló ń dun òṣìṣẹ́. Kí ebi máa pa ọ́ kí o sì máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀ aládùúgbò, ìyẹn nìyà gan-an.

Udoji tẹ̀ lé e lọ́dún 1974. Tẹ́ ẹ bá ní òbí tó ti dàgbà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí "owó Udoji" túmọ̀ sí. Owó oṣù gbéra, wọ́n san àjẹsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn ra ọ̀kadà àti rédíò, ọjà sì gbówó lórí tẹ̀lé e. Àwọn dókítà àti ẹnjiníà sì fárí pé owó tí wọ́n fún àwọn aláṣẹ ọ́fíìsì ju tiwọn lọ.

Láti ọdún 1902 dé 1974, nǹkan kan wà tí kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀: ìwé náà ṣí sílẹ̀. Ìpele wà, nọ́ńbà wà, ẹni tó bá fẹ́ lè fi ika tọ́ka sí i pé, "Wò ó, ibí ni wọ́n ti rẹ́ mi jẹ." Mi ò sọ pé ìwé tó ṣí sílẹ̀ nìkan tó o. Ọdún 43 ló wà láàárín ọdún tí wọ́n lé àwọn dókítà wa sórí ìwé ọ̀tọ̀ àti ọdún tí Loco dá iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo àwọn nọ́ńbà yẹn sì wà lójútáyé ní gbogbo àkókò náà. Nínú iṣẹ́ tiwa, log máa ń fi àṣìṣe hàn ọ́, kì í bá ọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní log, ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni lónìí, pàápàá ní ìdí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ti pa log yẹn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá wọlé lọ dúnàádúrà bí ẹni lọ ra aṣọ ní Aswani láìmọ iye tí wọ́n tà á fún ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dá gba púpọ̀, ẹni tó ń tijú gba díẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ti June 2023 tún wá lé e lórí, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Nínú tíìmù kan náà, ẹni tí wọ́n ń san dọ́là fún àti ẹni tí wọ́n ń san náírà fún sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó ọ̀kan ti fi púpọ̀ ju ti èkejì lọ láìṣe iṣẹ́ kankan lé e. Owó àtìpó Harragin ti padà wá, ó kàn yí orúkọ padà ni.

Tẹ́ ẹ bá béèrè, wọ́n á ní, "Ìka ò dọ́gba." Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ jù, tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kó gbà jù. Ṣùgbọ́n ika ọwọ́ wa wà níta, ẹnikẹ́ni lè wò ó kó mọ èyí tó gùn. Ta ni ó fi ìbọ̀wọ́ bo tiwọn?

Òfin wa náà dá sí i. Abala 17 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní kí owó dọ́gba fún iṣẹ́ tó bá dọ́gba, láìwo akọ tàbí abo tàbí ohunkóhun míì. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti ILO lórí owó tó dọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin láti ọdún 1974. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Orí Kejì ni abala 17 wà, òfin ìpìlẹ̀ kan náà sì sọ pé a ò lè gbé ohun tó wà ní Orí Kejì lọ sílé ẹjọ́. Àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí òfin náà ti wá fún Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ lágbára láti lo irú àdéhùn àgbáyé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ pẹjọ́ lórí ohun tí o kò mọ̀?

Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà ló fi ìbéèrè yẹn hàn jù. Lilly Ledbetter ṣiṣẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ táyà Goodyear ní Alabama fún ọdún 19. Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ẹnì kan tí kò kọ orúkọ fi bébà kékeré kan sílẹ̀ fún un: owó tirẹ̀ àti ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ wà nípò kan náà. Tirẹ̀ ló kéré jù. Ó pẹjọ́. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ ní ó ti pẹ́ jù kó tó wá, ó yẹ kó ti fẹjọ́ sùn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tí kò mọ̀! Adájọ́ márùn-ún gbà bẹ́ẹ̀, mẹ́rin kò gbà. Lọ́dún 2009, wọ́n ṣe òfin tuntun tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti tún un ṣe. Obìnrin náà kò gba kọ́bọ̀ nínú owó tó sọnù.

Mo ka ìyẹn tán, mo pe ọmọkùnrin tíìmù wa lórí fóònù.

Mo ní, "Mo rí álẹ́ẹ̀tì rẹ lọ́jọ́ yẹn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo mọ̀. Ìdí tó ò fi bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Mo ní kó má bínú. Mo sọ iye tí mò ń gbà fún un. Ẹnu yà á gan-an, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé o mọ èló ni arábìnrin wa ń gbà?"

Obìnrin kan wà ní tíìmù wa tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú àwa méjèèjì. Òun ló kọ apá tó le jù nínú kóòdù tá à ń lò. Tí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, òun la máa ń pè. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 390 ló ń gbà.

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń ka ara mi sí òṣìṣẹ́ Loco, mi ò mọ̀ pé èmi náà ló ń jẹ owó àtìpó lórí ẹlòmíì. Tí arábìnrin yẹn bá ti rí álẹ́ẹ̀tì tèmi, èmi ni ì bá máa bínú sí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jáde sí báńkóónì. Jákàńdè tó kọ́ ẹ́sítéètì yìí nígbà tó jẹ́ gómìnà láàárín ọdún 1979 sí 1983 fẹ́ kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà ní ilé lórí. Àwọn ilé náà jọra: fèrèsé kan náà, àtẹ̀gùn kan náà. Tó o bá dúró síta, o ò lè mọ ẹni tó ń gba 390 yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba 720. Ohun tó ń wù mí tẹ́lẹ̀ nípa ibẹ̀ nìyẹn. Lálẹ́ yẹn, ó bà mí lẹ́rù díẹ̀.

A sọ fún arábìnrin wa. Kò sunkún, kò bínú sí wa. Ó kàn ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àwọn ọ̀gá, a kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀, a fọwọ́ sí i papọ̀. Ọmọkùnrin yẹn náà fọwọ́ sí i, òun tí kò ní nǹkan kan láti rí gbà nídìí ẹ̀. Wọ́n pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rán wa létí ohun tó wà nínú ìwé tá a fọwọ́ sí. A ní a ti gbọ́, sà. Nígbà tí ọdún tuntun dé, wọ́n fi owó kún tèmi, wọ́n sì fi kún ti arábìnrin wa jù ú lọ. A ò tíì dọ́gba. A ti tún kọ lẹ́tà kejì.

Mo lọ ròyìn fún bàbá. Wọ́n béèrè bóyá wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ẹ ṣe é ní pẹ̀lẹ́," wọ́n sì ní kí n bá wọn ra búrẹ́dì bọ̀ ní Jákàńdè Gate.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ gbà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èló ni kí n ní kí wọ́n san?"

Mo sọ iye tí mò ń gbà fún un, mo sì sọ iye tí mo kọ́kọ́ béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, kó lè mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe.